Irun aláwọ̀ ewé ti bo gbogbo òkúta inú tánkì omi iyọ̀ mi, ẹ gbà mí o

ỌmọÒròkí60:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin àgbà ẹlẹ́ja. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín níbí láì dá sí i, àmọ́ ọ̀rọ̀ ti kan èmi náà báyìí, mi ò lè dákẹ́ mọ́.

Òṣogbo ni mo wà, apá Òkè Bàálẹ̀. Mo ní tánkì omi iyọ̀ kékeré kan ní pálọ̀, líta 60, ó ti pé oṣù mẹ́jọ tí mo ti gbé e kalẹ̀. Ẹja clown méjì ló wà níbẹ̀, àwọn aláwọ̀ ọsàn tó ní ìlà funfun yẹn, pẹ̀lú edé kan tó máa ń bá wọn nu ara, àti coral (ẹran òkun tó máa ń lẹ̀ mọ́ òkúta) kéékèèké bíi mẹ́rin, irú zoa àti mushroom, kò sí bàbàrà kankan. Fílítà tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn tánkì ni mò ń lò, pọ́ǹpù kékeré kan tó ń da omi kiri, iná LED, ó tán. Iyọ̀ tí mò ń lò kì í ṣe iyọ̀ ọbẹ̀ o, kí ẹnì kan má bú mi, èyí tí wọ́n ṣe fún coral ni mo rà láti Èkó, báàkẹ́ẹ̀tì kan, iye tí mo rà á ẹ jẹ́ ká fi síbẹ̀, torí ìyàwó mi náà máa ń lo fóònù yìí.

Wàhálà tó bá mi rèé. Níbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, bí ọ̀sẹ̀ kejì sí ìkẹta, nǹkan kan bíi ìyẹ̀fun kòkó bo iyanrìn, wọ́n ní ó máa lọ fúnra ẹ̀, ó sì lọ lóòótọ́, inú mi dùn. Àfi bó ṣe di oṣù kẹrin tí irun bẹ̀rẹ̀ sí í hù lórí òkúta. Irun gidi ni mò ń sọ o, ó gùn tó ìka ọwọ́, ó tutù yọ̀yọ̀, ó ń fì sọ́tùn-ún sósì bí pọ́ǹpù bá ṣe ń fẹ́ ẹ. Mo fà á tu, ó hù. Mo tún fà á tu, ó hù ju ti àkọ́kọ́ lọ, àfi bí ẹni pé oko ni mò ń ro dè é. Nígbà tó di oṣù tó kọjá òmíràn tún dé, èyí pupa rúsúrúsú, ó tẹ́ bí aṣọ sórí iyanrìn, ó ń yọ̀, tó bá fi máa di ọ̀sán hóró afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ á ti kún orí ẹ̀. Tí mo bá fọwọ́ kàn án á ṣí kúrò bí awọ. Mi ò tíì sọ ti ara gíláàsì o, káàdì ATM àtijọ́ ni mo fi ń ha ìyẹn láràárọ̀.

Bàbá onílé mi wọlé lánàá wá gbowó iná, ó wo tánkì títí, ó ní "ìwọ ọmọ yìí, ṣé aró lò ń rẹ ni?" Ìlú aró ni Òṣogbo lóòótọ́ àmọ́ ó dùn mí o, mi ò purọ́.

Ohun tí mò ń ṣe nìyí kẹ́ ẹ lè mọ ibi tí mo ti ṣì í. Omi kànga ilé wa ni mo fi ń po iyọ̀, ó mọ́ gaara, òun náà là ń mu nílé. Mò ń pààrọ̀ líta 6 lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ooru àsìkò yìí pọ̀, mo wá gbé fáànù kọjú sójú omi kó lè tutù, ó sì ń fa omi gan-an, ó tó líta kan àbọ̀ lójúmọ́, omi kànga yẹn náà ni mo fi ń dí i, láì fi iyọ̀ sí i, mo mọ ìyẹn. Iná tánkì máa ń wà ní títàn láti aago 7 àárọ̀ títí di aago 9 alẹ́ tí iná ọba bá gbà fún wa, ínfátà ló ń gbé pọ́ǹpù. Oúnjẹ, pellet ni, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, ìgbà míì mo máa ń lọ edé gbígbẹ tí ìyàwó mi rà n'Ígbọ̀nà sí i, wọ́n fẹ́ràn ẹ̀ bí nǹkan míì. Mo ní kíìtì tí wọ́n fi ń wọn nitrate, ohun tí ìgbẹ́ ẹja àti oúnjẹ tó jẹrà máa ń dà nínú omi, mo wọn omi tánkì, 5 ló kà, torí náà omi mi mọ́. Kí ló wá ń bọ́ nǹkan yìí? Ẹnì kan ní kí n lọ ra oògùn Fluconazole ní kẹ́mísìtì, ẹnì kan ní kí n da gbogbo ẹ̀ nù kí n tún un bẹ̀rẹ̀. Ẹ dákun.


TilápíàAdé:

Ẹ̀gbọ́n ẹ kú wàhálà o. Ẹja àrọ̀ lèmi ń sìn n'Íkìrun níbí, mi ò mọ nǹkan kan nípa omi iyọ̀, ká sòótọ́ tí omi pọ́ńdì tiwa bá ti ń jọ ewé díẹ̀ inú wa máa ń dùn ni 😂. Ìbéèrè tèmi ni pé ṣé ìgbín ò lè jẹ ẹ́ ni? Àwọn ìgbín pínńpínńtín kan wà létí odò Ọ̀ṣun tí wọ́n máa ń lá òkúta, ẹ lọ ṣa bíi mẹ́wàá síbẹ̀ kẹ́ ẹ wò ó.


Dúdú_Iléṣà:

Ẹ pa iná ẹ̀ fọ́jọ́ mẹ́ta, ẹ fi búláńkẹ́ẹ̀tì bo tánkì, ó parí. Mo ṣe é lọ́dún tó kọjá, gbogbo ẹ̀ ló kú. Èwo ni ti lẹ́tà gígùn.


BàbáClown_Èkó:

Àbúrò, má da nǹkan kan nù o. Ọmọ ìlú tó jẹ́ pé Àtáọ́ja lọba wọn ń jẹ́, ẹni tó tẹ́wọ́ gba ẹja lọ́wọ́ Ọ̀ṣun, ìwọ kọ́ ló yẹ kó máa dá ẹja padà.

Kí n kọ́kọ́ dá àwọn tó ti sọ̀rọ̀ lóhùn. Adé, ìgbín odò Ọ̀ṣun, omi tí kò níyọ̀ ló bí i. Omi tánkì yìí, iyọ̀ inú líta kan ẹ̀ tó gíráàmù 35, tó o bá ju ìgbín yẹn síbẹ̀ á kú, òkú ẹ̀ á sì di ajílẹ̀ fún irun. Ìgbín òkun wà lọ́tọ̀, mo máa débẹ̀. Dúdú, òkùnkùn ọjọ́ mẹ́ta máa ń mú èyí pupa yẹn dáadáa, ìyẹn ò burú, àmọ́ irun aláwọ̀ ewé, á kàn ṣì funfun díẹ̀ ni, tí iná bá padà dé á jí. Ohun tí o ò sì sọ fún un ni pé tí nǹkan tó pọ̀ tó báyìí bá kú lẹ́ẹ̀kan náà, bó ṣe ń jẹrà ló máa máa fa afẹ́fẹ́ inú omi tán, wàá kàn rí i tí ẹja ń ya ẹnu lójú omi. Níbi tí iná ọba ti lè lọ látàárọ̀ dalẹ́, tí ínfátà bá tún lọ kú lóru, ó di kí wọ́n máa kó ẹja sínú ọ̀rá.

Ó dáa. Nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà nínú tánkì rẹ. Èyí tó jọ irun, hair algae ni, algae gidi, ìyẹn ohun tó jọ ewéko tó ń hù nínú omi. Èyí pupa tó ń ṣí bí awọ, àwa ẹlẹ́ja ń pè é ní algae lásán ni, cyanobacteria lorúkọ ẹ̀, bakitéríà ni, ó kàn ń fi ìmọ́lẹ̀ ṣe oúnjẹ bí ewé ti ń ṣe ni. Hóró afẹ́fẹ́ tó o rí lórí ẹ̀ yẹn, oxygen ni. Àwọn gan-an ló kọ́kọ́ da oxygen sínú afẹ́fẹ́ ayé yìí ní ohun tó ju bílíọ̀nù ọdún 2 sẹ́yìn, kí igi kankan tó wà, kí ẹja kankan tó wà. Ẹ wá wo ẹni tí àbúrò wa fẹ́ fi káàdì ATM ṣẹ́gun. (Èyí tó jọ kòkó níbẹ̀rẹ̀ yẹn, diatom ni, algae tíntìntín kan, silica (ohun tó wà nínú iyanrìn) inú òkúta tuntun àti inú omi ló ń jẹ, ọ̀pọ̀ tánkì tuntun ló máa ń rí i.)

Níbi tó o wá ti kọsẹ̀ rèé: "5 ló kà, torí náà omi mi mọ́." Omi rẹ ò mọ́. Irun yẹn ló ń jẹ ẹ́ tán kí kíìtì tó rí i. Ó dà bí ẹni tó yọjú sínú ìkòkò lẹ́yìn tí ọmọ mẹ́fà ti bu oúnjẹ tiwọn tán, tó wá ń sọ pé ìrẹsì tí wọ́n sè lónìí ò pọ̀. Inú irun yẹn ni nitrate rẹ wà, òun àti phosphate, ajílẹ̀ kejì tí irun ń jẹ. Ohun tó ń wọlé ni kó o máa wá, fi ohun tó ṣẹ́ kù sílẹ̀.

Edé lílọ̀ yẹn, jọ̀ọ́, dá a padà síbi ọbẹ̀. Ẹja á gbé èyí tójú ẹ̀ bá rí, ìyókù ló di eruku tó wọnú ihò òkúta yẹn, phosphate ló kún inú ẹ̀. Clown méjì péré, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ ti tó wọn, èyí tí wọ́n lè jẹ tán kí ìṣẹ́jú méjì tó pé, kódà wọ́n lè gbààwẹ̀ ọjọ́ méjì kò ní ṣe wọ́n ní nǹkan. Kò sígbà tójú wọn kì í jọ ti ẹni tébi ń pa, ìwà wọn nìyẹn, má dá wọn lóhùn. Iná wákàtí 14, háà, oòrùn òkun fúnra ẹ̀ kì í ràn tó bẹ́ẹ̀, dín in kù sí 7 tàbí 8, tí fèrèsé bá sì wà nítòsí fa kọ́tìnì sí i.

Ṣùgbọ́n ohun tó ń fu mi lára jù ni kànga yẹn. Ṣe nǹkan yìí fún mi lálẹ́ òní: fi kíìtì nitrate rẹ wọn omi kànga náà fúnra ẹ̀, kó o tó po iyọ̀ mọ́ ọn rárá. Gbọn ìgò kejì nínú méjì tó wà nínú kíìtì dáadáa, ó kéré tán ìdajì ìṣẹ́jú, kó o fi agbára gbọ̀n ọ́n, tí o ò bá gbọ̀n ọ́n irọ́ ló máa pa fún ọ. Kó o wá kọ ohun tó o bá rí síbí.


ỌmọÒròkí60:

Ẹ̀gbọ́n, mi ò gba ojú mi gbọ́. Mo ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ó pọ́n bí epo pupa. Lórí káàdì àwọ̀ tó bá kíìtì wá, ó wà láàárín 40 sí 80. Omi tó mọ́ gaara o! Mo tún wọn píọ́ wọ́tà kan tó wà nílé, kò tiẹ̀ tó 5. Ìyàwó mi dúró tì mí, ó ní kí ni mò ń fi omi kànga ṣe láago 10 alẹ́.


BàbáClown_Èkó:

Ó tán. Mo mọ̀.

Jẹ́ ká ṣe ìṣirò ẹ̀ pọ̀, ká mú 40 kó má bàa dà bí àsọdùn, ìyẹn mílígíráàmù 40 nínú líta omi kan. Líta kan àbọ̀ lo fi ń dí i lójúmọ́, mílígíráàmù 60 nìyẹn. Pín in káàkiri líta 60, ó di 1 lórí líta kọ̀ọ̀kan lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá. Lóṣù kan, 30. Omi tí fáànù ń fà lọ kì í gbé ẹrù dání, omi nìkan ló ń lọ, nitrate jókòó síbẹ̀, ìwọ sì tún lọ pọn òmíràn wá. Àfi bí ọbẹ̀ tó ń gbẹ lórí iná tí ẹni tó ń sè é ń fi omi oníyọ̀ bu omi sí i. Líta 6 tó o sì ń pààrọ̀ lọ́sẹ̀ tó o rò pé ìmọ́tótó ni, omi tó ní 5 lò ń dà nù, omi tó ní 40 lò ń dà sí i. Oko lò ń ro dè é lóòótọ́ bó o ṣe sọ, ajílẹ̀ gan-an lò ń da sí i.


SístáLáàbù:

Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ jẹ́ kí n dá ọ̀rọ̀ ẹja dúró díẹ̀. Bọ̀ọ̀dá ỌmọÒròkí, ẹ sọ lókè pé omi kànga yẹn lẹ̀ ń mu nílé. Ṣé ọmọ jòjòló wà nílé?


ỌmọÒròkí60:

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Ọmọ wa pé oṣù mẹ́rin lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọmú àti mílíìkì inú agolo ló ń mu, torí ìyàwó mi ti padà síbi iṣẹ́. Ṣùgbọ́n a máa ń se omi náà dáadáa kí wọ́n tó pò ó fún un, ó máa hó gan-an.


SístáLáàbù:

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín o, àmọ́ ẹ má ṣe fi omi yẹn po mílíìkì ọmọ mọ́ láti alẹ́ òní lọ. Inú láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, n'Óṣogbo yín níbẹ̀. Sísè máa ń pa kòkòrò, kò lè yọ nitrate kúrò. Ńṣe ló tún máa ń le sí i, torí omi ń di ooru lọ, nitrate ò bá a lọ, ohun kan náà tí ẹ̀gbọ́n ṣàlàyé nípa fáànù yẹn ni.

Ìwọ̀n tí àjọ ìlera àgbáyé, WHO, fi lélẹ̀ fún omi mímu ni mílígíráàmù 50 nitrate nínú líta kan, nítorí àwọn ọmọ tó ń mu mílíìkì inú ìgò gan-an ni wọ́n sì ṣe fi í síbẹ̀. Tiyín wà láàárín 40 sí 80, ó lè ti kọjá. Nínú ara, nitrate lè yí padà di nitrite, ìyẹn á wá ba ẹ̀jẹ̀ jẹ́ débi tí kò ní lè gbé oxygen kiri bó ṣe yẹ. Àgbàlagbà máa ń rọ́jú fún un. Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà ni kì í lè ṣe é, ètè àti èékánná ẹ̀ á máa dà bí ohun tí wọ́n tì bọ inú aró. Tẹ́ ẹ bá ti rí àwọ̀ yẹn, tàbí tó ń mí gúlegúle tí kò fẹ́ jí, ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀, ẹ má dúró wo nǹkan kan. Tí kò bá sí irú ẹ̀, ẹ fọkàn balẹ̀, ẹ kàn yí omi padà, kẹ́ ẹ sì sọ fún dókítà ọmọ náà nígbà tẹ́ ẹ bá tún lọ gba abẹ́rẹ́.

Kíìtì ẹja kì í ṣe ohun èlò láàbù o, kò lè sọ iye gan-an fún yín, àmọ́ kì í pọ́n bí epo lásán. Ẹ gbé omi náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ omi wò kí wọ́n fún yín níwèé. Báwo ni kànga yín ṣe jìnnà sí ṣáláńgá tàbí sọ́kàwéè tó?


ỌmọÒròkí60:

Mo ti sọ fún ìyàwó mi, ó ti da omi inú fúláàsì nù, omi inú ìgò la fi po ti alẹ́ yìí. Ètè ọmọ pupa fòò, mo ti tan tọ́ọ̀ṣì sí i bíi ẹ̀ẹ̀mẹrin.

Sọ́kàwéè ilé kejì wà lẹ́yìn fẹ́ńsì wa gan-an. Mo jáde lọ fi ẹsẹ̀ wọ̀n ọ́n báyìí báyìí, ìṣísẹ̀ 11 sí ẹnu kànga. Mi ò ronú kàn án rí.


SístáLáàbù:

Mítà 30 làwọn oníṣẹ́ omi sábà máa ń ní kó wà láàárín wọn, ìṣísẹ̀ 11 ò sì tó mítà 10. Ẹ sọ fún onílé. Ká sì tó kúrò níbẹ̀, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fi Fluconazole sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì gbàgbé erythromycin tí ẹnì kan máa tó wá dá lábàá fún èyí pupa, mo mọ̀ pé ó ń bọ̀. Oògùn èèyàn ni wọ́n, báa ṣe ń dà wọ́n kiri nínú omi báyìí làwọn kòkòrò ṣe ń mọ̀ wọ́n lójú tí wọn ò sì ní ràn wá mọ́.


Dúdú_Iléṣà:

Èmi ni mo fẹ́ dá erythromycin lábàá 😅 mo ti pa á rẹ́. Ọlọ́run á wo ọmọ náà o. Omi òjò ńkọ́? Ọ̀fẹ́ ni.


BàbáClown_Èkó:

Àmín o. Sístá ẹ ṣé gan-an, ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti ń wọn nitrate fún ẹja, mi ò rántí bi ẹnikẹ́ni rí bóyá wọ́n ń mu omi náà.

Ní ti Fluconazole, kí n fi kún un pé algae kan ló máa ń mú jù, Bryopsis. Fà á jáde kó o wò ó nínú àwo funfun: tí fọ́nrán kọ̀ọ̀kan bá rí bí ìyẹ́ adìyẹ, ó ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ lọ́tùn-ún lósì, Bryopsis ni. Tó bá jẹ́ irun lásán, kò kan oògùn.

Omi òjò: tí kò bá gba orí páànù kọjá ó dáa. Èyí tó bá gba orí páànù, zinc inú ẹ̀ lè pa edé rẹ àti coral, ìgbẹ́ ẹyẹ tún wà níbẹ̀. Tó o bá lè ta tapólíìnì tó mọ́ síta gbangba, kó o jẹ́ kí òjò kọ́kọ́ fọ ojú ọ̀run fún bí wákàtí kan kó o tó gbè é, à-lò-yè ni.

Tówó bá wà, ẹ̀rọ RO (èyí tó ń fi awọ tó ní ihò wẹ́wẹ́ sẹ́ omi) tó ní DI lẹ́yìn (èyí tó ń yọ ìyókù ohun tó yọ́ sínú omi) ni kó o rà, òun ni gbogbo wa ń sáré lé. Tí kò bá sí, ra TDS meter kó o tó ra ohunkóhun, kò wọ́n, kò tóbi ju báírò lọ, ó máa ń sọ iye ohun tó ti yọ́ sínú omi. 0 là ń wá, tàbí kó sún mọ́ ọn. Àwọn píọ́ wọ́tà kan ń gba inú RO kọjá, àwọn míì kándù fílítà lásán, orúkọ ara ọ̀rá ò ní sọ fún ọ, mítà ló máa sọ. Omi bátìrì tí wọ́n ń rọ sínú bátìrì ínfátà náà ṣeé lò tó bá jẹ́ ojúlówó, ṣùgbọ́n ṣọ́ra gan-an, àwọn kan máa ń ta ásíìdì fún èèyàn nínú irú ìgò kan náà, má fi ọwọ́ tó o kàn án wọ́ ojú.

Iṣẹ́ ọwọ́ wá kù. Lọ́jọ́ tó o bá máa pààrọ̀ omi, fi rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ fa èyí pupa jáde lórí iyanrìn, á wọlé bí ìgbà tí wọ́n ń ká ẹní, má rú u sókè. Omi tó o fà jáde yẹn, má tíì dà á nù, gbé òkúta tó burú jù síbẹ̀, fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín ha irun kúrò. Inú báàkẹ́ẹ̀tì ni o, tó o bá ha á nínú tánkì ńṣe lò ń gbìn ín káàkiri. Lẹ́yìn náà, hydrogen peroxide tí wọ́n fi ń fọ ojú egbò, 3% là ń fẹ́. Wo ara ìgò, tó bá kọ 20 vol, 6% nìyẹn, omi tó mọ́ ni kó o fi bù ú la sí méjì. Fi síríǹjì kán an sójú irun tó kù, ìṣẹ́jú mẹ́ta sí márùn-ún, fọ̀ ọ́ nínú omi oníyọ̀, dá a padà. Má jẹ́ kó kan coral, edé náà ò fẹ́ràn ẹ̀ rárá. Òkúta kan tàbí méjì lọ́sẹ̀, má ṣe gbogbo ẹ̀ lọ́jọ́ kan, bakitéríà rere tó ń fọ omi fún ọ ń gbé lára wọn.

Ìgbín ló kẹ́yìn. Ẹ̀yìn ìgbà tó o bá ti rẹ́ irun náà kúrú ni wọ́n máa tó wúlò, irun gígùn kì í wù wọ́n. Wá ìgbín òkun tí wọ́n ń pè ní Trochus mẹ́ta, wọ́n lè yí ara wọn padà tí wọ́n bá ṣubú dojú dé, irú kejì, Astraea, ò lè ṣe é, ebi ló máa pa á síbẹ̀. Kán omi tánkì sí wọn díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí kan ó lé kó o tó gbé wọn wọlé.

Òkúta rẹ ti mu phosphate yó fún oṣù mẹ́jọ, á máa tú u padà sínú omi díẹ̀díẹ̀. Kó o má lọ rò pé ọ̀sẹ̀ méjì ni.


TilápíàAdé:

Èmi tí mo wá ṣe àwàdà ìgbín lásán, mo ti fi bọ́tìlì bu omi bóòhóòlù wa báyìí, mo ń wá ẹni tó máa bá mi wọ̀n ọ́n.


ỌmọÒròkí60 (lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méje):

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Mo ṣèlérí pé mo máa padà wá.

Ọmọ ń bẹ ní àlàáfíà, ó ti ń jókòó. A gbé omi lọ yẹ̀ wò, ìwé ẹ̀ fi 62 hàn, ó kọjá ohun tí sístá sọ. Nígbà tí mo gbé ìwé náà fún Bàbá onílé inú wọn ò kọ́kọ́ dùn, wọ́n ní bàbá àwọn ló gbẹ́ kànga yẹn, kò pa ẹnikẹ́ni. Mo wá fa aga fún wọn níwájú tánkì, mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ 5 àti 40 yẹn bí ẹ ṣe ṣe é fún mi. Wọn ò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Fífọ aṣọ àti ilé là ń fi omi náà ṣe báyìí.

TDS meter dé. Kànga ka 410. Píọ́ wọ́tà tí mo gbójú lé ka 138, èyí tí mi ò kà sí rárá tí wọ́n ń tà níwájú mọ́ṣáláṣí àdúgbò ka 9, òun ni mò ń lò, àpò mẹ́ta lọ́sẹ̀. Omi bátìrì àkọ́kọ́ tí mo rà ka 2. Èkejì, láti ibòmíràn, mítà ò lè kà á tán, ó kàn ń kọ àṣìṣe. Ásíìdì ni, ó jó aṣọ tí mo fi nu ọwọ́. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ṣé tẹ́ ẹ kìlọ̀.

Èyí pupa lọ ní bí ọ̀sẹ̀ kẹta, mi ò tiẹ̀ mọ ọjọ́ tó lọ. Irun ṣì kù o. Ọ̀sẹ̀ kẹrin ó fẹ́ sú mi, ó dà bí ẹni pé kò sí ìyàtọ̀, mo sì ti fọ òkúta márùn-ún. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo ṣàkíyèsí pé àwọn tí mo fọ̀ ò hù mọ́, èyí tó kù ń ṣì, ó ń já fúnra ẹ̀. Edé tú awọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́jọ́ kan, mo rò pé ó kú, mo ti ń bá ìyàwó mi sọ̀rọ̀ ìsìnkú kó tó rìn jáde lẹ́yìn òkúta. Trochus mẹ́ta dé láti Èkó nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n ti ha gíláàsì débi pé mo rí ojú ara mi nínú ẹ̀. Clown ṣì ń wò mí bí ẹni tí mo jẹ lówó.

Ìyàwó mi tó ti ní kí n ta tánkì tẹ́lẹ̀, òun ló ń bá mi bu omi sí i báyìí, ó tún ń kọ nọ́ńbà TDS sára kàlẹ́ńdà.

Ohun tí mo wá bèèrè rèé. Bàbá onílé kan ilẹ̀kùn mi láàárọ̀ yìí, ìgò Ragolis mẹ́rin ló wà lọ́wọ́ wọn, wọ́n fi bébà lẹ orúkọ mọ́ ọn lára, kànga ẹ̀gbọ́n wọn n'Ísàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ti ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ti ilé ọmọ wọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ìkẹrin ti sọ́kàwéè ilé kejì ni àbí ti kànga wọn mi ò mọ̀, wọ́n ní kí n bá àwọn wọ̀n ọ́n. Kíìtì mi ò lè wọn ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ mọ́. Ta ló mọ ẹni tó ń ta ìgò méjèèjì inú kíìtì nitrate yẹn nìkan, láì ra gbogbo páálí, tó lè fi í sí mọ́tò Òṣogbo kó tó di Sátidé?